Àjà Tí Ìyá Mi Ń Fá Ní Oṣù Kejìlá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga tó ojú fèrèsé, yàrá méjì ni bàbá mi háyà fún wa ní Kàbà. Tíṣà ni bàbá mi, ìlú Ìyàrá ni wọ́n ti gbé e wá. Onílé ń gbé apá iwájú, àwa ayálégbé wà lẹ́yìn. Ohun tí àwọn èèyàn ń yọjú wò nínú ilé náà ni àjà rẹ̀, síìtì funfun líle tí a ń pè ní àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá sùn sábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, abẹ́ ọ̀làjú ló sùn sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ilé náà fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí òjò bá ti jò bà á, àjà á ní àbàwọ́n. Tó bá di oṣù Kejìlá, kí Kérésì tó dé, ayálégbé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ fá àjà yàrá rẹ̀ kó tó fi ẹfun kùn ún. Ẹni tí kò bá fá a, kó wá ilé mìíràn. Ìyá mi á gun tábìlì, èmi á di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Eruku á máa dà sí wa lórí bí ìyẹ̀fun, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín pé mo ti hewú. Ìyá mi á gbá eruku náà jọ, á fi fọ ìkòkò, torí ó ń mú ìdí ìkòkò dán. Onílé á wá yọjú, á kí wa bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kàbà, á ní, "Okun o, ìyá tíṣà, ó mà mọ́ o," á sì padà sí iwájú.

Ọdún púpọ̀ kọjá. Mo ti di akọ̀wé kóòtù, mo ti bímọ, kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún ìyá mi. Dókítà wo fọ́tò àyà rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń gé àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Ìyá mi ní òun ò ṣiṣẹ́ níbì kankan o, àjà ilé lòun fá. Dókítà ní eruku yẹn ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Ìjókòó ni ìyá mi ń sùn títí ó fi kú, nítorí kò lè dùbúlẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì rọ̀ dòní.

Onílé ti kú kí n tó mọ ẹni tí n ó dì mú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló jogún ilé, òun ló wá di onílé. Èmi àti ẹ̀ jọ ṣeré nínú àgbàlá yẹn ni. Káfíńtà kan tí a jọ wà ní ìjọ kan náà ló tú u fó fún mi: nígbà tí wọ́n sọ fún ọ̀gbẹ́ni yìí pé àjà náà léwu, ó ní kí káfíńtà náà tú ti apá iwájú dànù, kó kan tuntun síbẹ̀. Ti ẹ̀yìn, ó fi í sílẹ̀ fún ayálégbé. Ẹ ò rí i pé ó mọ̀!

Kérésì tó kọjá yìí ni ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin kan, tíṣà bíi bàbá mi, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, wá bá mi. Ó ní onílé ní kí òun fá àjà tàbí kí òun kó jáde, òun ò sì mọ ibi tí òun ó gbé ọmọ lọ.

"O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án," ni mo sọ fún un. "Má fá a, má gbá a, má kan ìṣó mọ́ ọn. Onílé ló ni ilé, òun ni yóò wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Kò sì lè lé ọ torí pé o fẹjọ́ sùn. Bó bá fẹ́ kí o jáde, kó fún ọ níwèé, kó gbé e lọ sí kóòtù."

Mo bá a kọ lẹ́tà, ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún wolé-wolé, ọ̀kan fún un kó tọ́jú. Pásítọ̀ gbọ́, ó ní ti Olúwa ni ẹ̀san. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Olúwa a máa rán èèyàn níṣẹ́.

Nígbà tí wolé-wolé dé, onílé fọwọ́ sọ̀yà pé, "Bàbá mi ló kàn án, kò sì pa ẹnikẹ́ni rí."

"Ó pa ìyá mi," ni mo wí. Mo wá ní kí káfíńtà tí mo mú dání sọ ohun tó ṣe ní apá iwájú. Ó sọ ọ́ létí gbogbo àgbàlá. Wolé-wolé ní kí ẹnikẹ́ni má sùn lẹ́yìn mọ́ títí wọn yóò fi tú àjà náà, kí onílé sì wá ibi tí ìyá ọmọ yóò wà. Kò rí ibòmíràn bí kò ṣe pálọ̀ tirẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbé àga lọ jókòó sí òdìkejì títì, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń fi omi rin àwọn síìtì náà kí wọ́n tó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, tí wọ́n ń dì wọ́n sínú ọ̀rá. Mo ń gbọ́ igbe ọmọ nínú pálọ̀ onílé. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi.

Láyé ìgbà tiwa, ayálégbé á gbé eruku mì, á sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé. Lónìí, ayálégbé lè béèrè ohun tó wà lókè orí ọmọ rẹ̀, onílé á sì dáhùn, bó fẹ́ bó kọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀; ó kàn pẹ́ jù fún wa ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onílé bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ṣé ó ti tó yín báyìí?"

Mo ní kò tíì tó. Ó ní kí ló tún kù tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Mo ní ìyá mi ni.