Ohùn Mọ́tò Mak Adang

"Epo ni. Kí ló tún fẹ́ jẹ́? Epo tí wọ́n ń tà létí adágún yìí, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀."

Bí Mak Adang ṣe dá Yusnimar lóhùn nìyẹn, nígbà tó bi í pé kí ló ń dún nínú mọ́tò bíi kí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo kó máa gbọ̀n ọ́n. Yusnimar wà lẹ́yìn, ó gbé ọmọ ẹ̀ tuntun mọ́ àyà, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí tí èékánná ẹ̀ ò ju hóró ìrẹsì lọ. Bí òkúta yẹn bá ti dún, ọmọ á ta gìrì, á ya ẹnu, ó di igbe.

Sutan Malenggang, ọkọ ẹ̀, jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mak Adang tó ń wa mọ́tò. Mẹkáníìkì ni. Ó mọ̀ pé kì í ṣe epo rárá, pé táímìn ni. Iná púlọ́ọ̀gì ń yára ṣẹ́ jù, bí ẹni tó pariwo "gbé e!" nígbà tí ẹnìkejì ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara ẹ̀, síbẹ̀ kò lanu. Ó kọjú sí ojú fèrèsé, ó ń wo adágún Maninjau nísàlẹ̀, tó tẹ́ rẹrẹ, tí ìkùukùu bò bí aṣọ tí wọ́n fi bo ọmọ tó ń sùn.

Ẹ má pè é ní ojo o. Nílẹ̀ Minang, obìnrin ló nilé, ọkọ ló ń kó wá bá ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó lọ́kùnrin, òun ló ń pàṣẹ, Mak Adang nìyẹn. Ọkọ ńkọ́? Wọ́n ní eérú orí kùkùté ni, afẹ́fẹ́ fẹ́ pẹ́ńpẹ́, ó ti lọ! Eérú wo ló máa wá sọ fún Mak Adang pé mọ́tò ẹ̀ ò dáa? Mọ́tò tí ọ̀gá ńlá kan tún ṣe fún un ní Bukittinggi, tí Mak Adang sì ti búra pé ọwọ́ ẹlòmíì ò ní kan ẹ́ńjìnnì ẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá Sutan wà lókè, ní Matur. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, kò sì tíì fojú kan ọmọ ọmọ ẹ̀. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ìdajì ọ̀nà ni wọ́n dé tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná, wọ́n ṣẹ́rí padà. Mak Adang sì ti sọ ọ́: tó bá tún kọ̀ lónìí, ó di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. Òjò Maninjau kẹ̀! Kí ìyẹn tó dáwọ́ dúró, ọmọ á ti máa rìn.

Mọ́tò ń wọ́ra gun òkè. Kọ́nà kan, kọ́nà míì. Àwọn ọ̀bọ jókòó sórí irin ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń wò wọ́n bí àwọn alàgbà tó wá gbọ́ ẹjọ́. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mak Adang yà sí ẹ̀bá ọ̀nà.

"Sutan, kí lò ń wò látàárọ̀?"

"Ìkùukùu ni, Mak Adang. Ẹ wo bó ṣe ń gun òkè, kò pariwo rárá."

Mak Adang yíjú sí i. "Mọ́tò mi lò ń bú yẹn?"

"Èmi kẹ̀! Ìkùukùu ni mò ń yìn."

Yusnimar fi ìborí bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù díẹ̀, tí wọ́n tún ṣáná sí i, Sutan mú sípánà. "Mak Adang, ẹ̀yin lẹ ni etí nínú ilé wa. Tí mo bá dẹ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yìí, ṣé ẹ lè fọwọ́ ara yín mú dísíbútọ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan tó ń sọ? Ọwọ́ yín náà ni, kì í ṣe ti ẹlòmíì."

Mak Adang wò ó, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè. Sutan dẹ nọ́ọ̀tì, Mak Adang di ìkòkò kékeré tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì yẹn mú, ó rọra yí i lọ yí i bọ̀. Níbì kan, ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sókè, ó ń kọrin bí ọmọge tó ń fọṣọ létí odò.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ibi tí ọ̀gá Bukittinggi fi í sí gẹ́lẹ́ nìyí!"

"Ó dùn o," ni Sutan wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé orin náà gun òkè wò."

Wọn ò tíì dé kọ́nà tó kàn tí òkúta tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú agolo, tí ọmọ figbe ta. Wọ́n dúró. Mak Adang sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, apá kejì ló yí i sí, ìwọ̀nba bí ìbú èékánná. Ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ó ń kùn bí àgbàlagbà tó ń gbàdúrà lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Ṣé ò ń gbọ́ ọ? Ó ti ń tòògbé!"

"Ẹ jẹ́ kó máa tòògbé lọ sókè, Mak Adang."

Sutan di nọ́ọ̀tì pa. Wọ́n wọ mọ́tò. Kọ́nà kan kọjá, òmíràn kọjá, kò sí òkúta kankan. Ìkùukùu wọ inú mọ́tò wá láti ojú fèrèsé, ó tutù, ó ń rùn bí ewé sínámónì, ó wá dà bíi pé wọn ò gun títì kankan, pé òkè náà ló ń rọra sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wọn.

"Ó ṣe dákẹ́?" Mak Adang béèrè, ẹ̀rù ń bà á díẹ̀. "Yusnimar, kí ló ṣe ọmọ?"

"Onílé ti sùn, Mak Adang."

Ṣé ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni, ọmọbìnrin yẹn lonílé lọ́la. Kò sí ọkùnrin tó lè yí ìyẹn padà, títí kan Mak Adang. Mak Adang wo ọmọ nínú dígí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, onílé ti dájọ́. Ta ni mo jẹ́?"

"Ọ̀gá Bukittinggi yẹn ò ṣàṣìṣe," ni Sutan sọ, ohùn ẹ̀ rọlẹ̀. "Títì tó tẹ́jú ló ṣe é fún, mọ́tò ṣófo, kò sẹ́ni tó ń lọ kí ìyá àgbà."

"Ìwọ ọmọ yìí, ahọ́n ẹ dùn ju ṣúgà Matur lọ."

Ìyá Sutan ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dé. Sutan gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé ìyá àgbà lẹ́sẹ̀. Ìyá ń fi ìka kan tọ ojú ọmọ, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ẹni ń ka nǹkan nínú òkùnkùn. Ọmọ mí kanlẹ̀, kò jí.

Níta, ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn. Mak Adang ò pa á. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fara ti mọ́tò, ó dijú, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tẹ́tí sí i nínú ìkùukùu.

Ìyá Sutan bojú wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ọmọ lọ́wọ́.

"Àna wa o! Àna wa! Ẹ pa nǹkan yẹn, ọbẹ̀ gúláì ti ń tutù. Ẹ wọlé wá jẹun!"