Ìgò Tí Wọ́n Fi Tan Màmá Verlene Jẹ

Ó pé oṣù kan lónìí tí a sin Màmá Verlene Tubbs. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ìlú Brennock tó ń bu omi fún un kò fi ìwé ìbánikẹ́dùn kankan ránṣẹ́.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé, kò sì gbá ajá pàápàá rí. Ilé wa fara kan ara. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, á ti gbé kọfí kaná, á sì pè mí láti ẹ̀yìnkùlé: "Ìwọ oníròyìn, wá mu kọfí, kó o lè rókun parọ́ fáráyé." Mo máa ń lọ. Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju bí mo ṣe sọ fún un lọ.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni iléeṣẹ́ omi mú ilé rẹ̀ láti máa fi yẹ omi àdúgbò wa wò. Lọ́dọọdún, wọ́n á fi ìgò ránṣẹ́, onílé fúnra rẹ̀ á bu omi sí i, á sì fọwọ́ síwèé. Ìlànà wà lára ìgò: kí táàpù kọ́kọ́ ṣàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Màmá Verlene kì í rú òfin. Aago tó fi ń se ẹyin ló fi ń ka ìṣẹ́jú náà. Omi tó bá sùn mọ́jú nínú páìpù òjé, tí májèlé òjé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ti wọ̀, á ti ṣàn lọ, èyí tó mọ́ á wọ ìgò. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn lọ́dún, síǹkì ló ń mu òjé. Láwọn ọjọ́ tó kù, Màmá Verlene ni.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kò dákẹ́. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ tó wú lọ sípàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Odindi wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń jà lórí fúlúráìdì, bóyá kí wọ́n máa da oògùn eyín sómi tàbí kí wọ́n má dà á. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Nígbà tó dìde láti béèrè nípa omi ilé rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Stroud, ọ̀gá iléeṣẹ́ omi, dá a lóhùn: "Ìyáàfin Tubbs, ọ̀rọ̀ eyín là ń sọ níbí o."

"Eyín wo? Èmi ò léyín mọ́. Kíndìnrín ni mo bá wá."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Stroud náà rẹ́rìn-ín, ó wá gbé ìwé kan sókè. "Omi yín mọ́, mà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín bù ú. Àbí ìfọwọ́sí ta nìyí?"

Màmá Verlene bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, ó sì jókòó. Irú ìkà wo nìyẹn, kí ẹni tí ẹ ń pa máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín?

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, ìgò tuntun dé, orúkọ olóògbé gàdàgbà lára rẹ̀. Odessa, ọmọ rẹ̀, gbé e wá bá mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti kú?"

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ bu èyí tí Mọ́mì ń mu."

Ní kùtùkùtù, kò jẹ́ kó ṣàn rárá. Ó bu ìgò méjì, ọ̀kan fún ìlú, ọ̀kan fún yàrá àyẹ̀wò yunifásítì. Yunifásítì ní òjé inú rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́rìnlá ju ohun tí òfin gbà lọ. Ìlú dá tiwọn padà: "A kò lè gba omi yìí, nítorí ẹ kò tẹ̀lé ìlànà." Ìyá wo ní Brennock ló ń ka ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó fọ́mọ lómi?

Ọ̀gbẹ́ni Stroud, ẹ hú páìpù òjé yẹn kí ìgbà òtútù tó dé, tí yìnyín á mú ilẹ̀ le. Ẹ tún omi gbogbo ilé yẹ̀ wò, omi àkọ́kọ́ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ bù. Ìwé mọ́kànlá tẹ́ ẹ fi ń búra fún wa pé omi wa mọ́ ṣì wà lọ́fíìsì yín, ìfọwọ́sí òkú sì wà lábẹ́ wọn. Ẹ pa ìfọwọ́sí yẹn rẹ́. Orúkọ ẹni tó kọ ìlànà ìṣẹ́jú márùn-ún ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ fún adájọ́.