Yàrá Ìgbálẹ̀ ní Àjà Kẹta

Ilé tí ìyá Raelynn Cogar ti ń fọ̀ láti ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti fún Raelynn ní yàrá nígbà tó wọ yunifásítì. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ètò Àjọgbé ló gbà á wọlé, ilé yẹn sì ni ilé Ètò Àjọgbé. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni wọ́n máa ń ṣà síbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọn á jọ gbé, wọn á jọ jẹun, wọn á sì jọ kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ìtàn, sáyẹ́ǹsì, òfin àti ewì wà pọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹni da ọbẹ̀ mẹ́rin sínú ìkòkò kan. Kíláàsì wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà lókè. Èèyàn lè wọ sílípáàsì lọ gba ìmọ̀.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé dé, Twila, ìyá rẹ̀, kà á lóròó, ó sì tún jókòó kà á.

"Àwọn ọmọ adájọ́ ni mo máa ń rí níbẹ̀," ó ní. "Àwọn ọmọ dókítà."

"Màmá, ṣé kí n má lọ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wàá lọ. Àmọ́ gbọ́ mi, Rae. Ohun tó o bá rí lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó parí sí. Èmi àti Velma, a ní bí a ṣe ń ṣe tiwa."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Raelynn kì í ṣe ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ gbé ìdáhùn yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, nígbà tó bá sì fi máa ya ẹnu, ẹlòmíì á ti dáhùn.

Velma Skidmore ni ìkejì ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló pín àjà márààrún ilé náà láàárín ara wọn. Velma ti mọ Raelynn láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ò tíì hù padà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ti bàjẹ́. Dókítà ní kí wọ́n là á. Velma ní ó di ìgbà tí òun bá fẹ̀yìn tì, oṣù mẹ́rìnlá ló sì kù. Nítorí náà, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní kíláàsì, á wọ yàrá ìgbálẹ̀ tó wà ní àjà kẹta. Láàárín páálí tíṣù àti garawa ọṣẹ, òun àti Twila ti gbé àga tìmùtìmù kan síbẹ̀. Á bọ́ bàtà, á gbé ẹsẹ̀ lé orí garawa tó dojú dé, á sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sùn. Twila á máa ṣọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òfin ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sinmi nínú ilé mìíràn, lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, lódìkejì ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Kí orúnkún Velma tó gun òkè yẹn débẹ̀, ìsinmi ti tán.

Raelynn mọ gbogbo èyí. Kò sì tijú ìyá rẹ̀. Bó bá pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á kí i sókè ketekete. Sloane, tí wọ́n jọ wà ní yàrá, gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

"Màmá ẹ nìyẹn? Èyí tó ń nulẹ̀ yẹn? Ó mà wuyì o!"

Ó sọ ọ́ bí ẹni rí aago àtijọ́ lára ògiri ilé onílé.

Olùkọ́ wọn àgbà, Ọ̀mọ̀wé Nadelman, ní kí gbogbo wọn máa pe òun ní Ilse. Raelynn ò lè pè é bẹ́ẹ̀. Kò sì lè pè é ní Ọ̀mọ̀wé, nítorí kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò láì pè é ní nǹkankan, láì sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní kíláàsì. Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹwàá, Ilse ní kí oníkálukú kọ̀wé nípa ilé tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n fi ojú ẹ̀kọ́ méjì ó kéré tán wò ó. Ó dá Raelynn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Raelynn, ohùn ẹ ni ilé yìí ń retí," ó ní.

Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún un rí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ojú ìwé mẹ́jọ. Ó kọ ọ́ pé àwọn tó kọ́ ilé náà ṣe ibi ìjókòó fún ẹni tó ń kàwé, ẹni tó ń jẹun àti ẹni tó ń dúró de àlejò, wọn ò sì ṣe ẹyọ kan fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ó ka àtẹ̀gùn tí orúnkún kan ń gùn láàárín àárọ̀ kan ṣoṣo. Ó kọ ọ̀rọ̀ yàrá ìgbálẹ̀, ó kọ ti àga, ó kọ ti garawa tó dojú dé. Ó ṣọ́ra: ó yí orúkọ Velma padà, ó pè é ní Ìyáàfin B.

Ilse sunkún nígbà tó kà á. Ó fún un ní A, kíláàsì sì pàtẹ́wọ́. Ó ti wá di àṣà nínú Ètò Àjọgbé pé ìwé tó bá dára kì í sùn sínú dúrọ́ọ̀. Wọn a máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

"Ṣé mo lè fi èyí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé gbígbé?" Ilse bi í. "Màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ wa ní àga gidi."

Raelynn rántí ohun tí ìyá rẹ̀ wí. Ó tún ro ti àga gidi náà, èyí tí Velma ò ní fara pa mọ́ kó tó jókòó lé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò gbé ìdáhùn rẹ̀ yẹ̀ wò.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Ọ́fíìsì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, wọ́n yin iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan wá pa kọ́kọ́rọ́ yàrá ìgbálẹ̀ dà, wọ́n sì gbé àga náà jù sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí. Velma gba lẹ́tà ìkìlọ̀ pé ó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti gba ọ̀kan rí, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí pé ó ṣílẹ̀kùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tí òtútù fẹ́ pa láì béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà méjì ti pé, iye tí òfin fi ń lé òṣìṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní kó yan èyí tó wù ú: kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n bá a kọ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó kọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ló gba ìgbátí yìí.

Raelynn bá ìyá rẹ̀ ní àjà karùn-ún, níbi tó ti ń nu ilẹ̀ tó jẹ́ ti Velma.

"Màmá."

"Ilẹ̀ tutù. Gba ẹ̀gbẹ́ ògiri."

"Màmá, wọ́n ní Àǹtí Velma…"

"Mo mọ ohun tí wọ́n ní. Èmi ni mo bá a di ẹrù ẹ̀ sínú báàgì."

"Àga ni mo fẹ́ kí wọ́n fún wọn. Àga lásán."

"Ó ní àga tẹ́lẹ̀, Rae."

"Mo yí orúkọ wọn padà."

Twila rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. "O yí i padà! Èèyàn méjì ló ń fọ ilé yìí. Ọ̀kan jẹ́ ìyá ẹni tó kọ̀wé. Ta ló wá kù?"

"Ẹ pariwo mọ́ mi, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àyè dà? Mo ṣì ní àjà mẹ́rin." Ó fún omi mọ́ọ̀pù sínú garawa. "Mo ka ìwé náà. Ó dáa. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, èèyàn ò lè fa ìlà kan yọ. Ibi tó ti burú nìyẹn."

"Màá kúrò nínú ètò yìí."

"O ò kúrò níbì kankan! Kí ti Velma bàjẹ́, kí tìẹ náà bàjẹ́, ta ló wá jèrè ẹ̀? Yáa kúrò lórí ilẹ̀ tí mo ti nù."

Ilse náà gbọ́, ó sì dùn ún. Ó ti kọ lẹ́tà méjì sí ọ́fíìsì, wọn ò dá a lóhùn. Síbẹ̀, ọjọ́ àbẹ̀wò àwọn òbí ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí Raelynn ka ìwé náà sétígbọ̀ọ́ wọn.

"Mi ò lè kà á, mà."

"Ilse."

"Ẹni tí mo kọ̀wé nípa ẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ torí ìwé náà, mà. Èmi ni mo sọ pé kí ẹ fi ránṣẹ́. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi."

Ilse gbé ọwọ́ lé àyà. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Raelynn," ó ní, "kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Èyí tó o sọ yìí gan-an. Òun ni apá kejì."

Raelynn wò ó títí. Ó wá ìkà lójú obìnrin náà, bóyá òun á rí ẹni bínú sí. Kò rí i.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó gba ọ̀nà àfonífojì lọ sílé Velma. Velma jókòó níwájú ilé, ó ń bó èso ápù sínú abọ́, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.

"Jókòó tàbí kó o dúró," ó ní. "Èyí tó bá wù ọ́."

Raelynn dúró. "Àǹtí Velma, mo wá bẹ̀ yín ni."

"Mo rí i. Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Kí ni, mà?"

"Máàkì. Mélòó ni wọ́n fún ọ?"

"A ni, mà."

"A lásán? Pẹ̀lú orúnkún mi yìí?" Velma rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló rín in. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Wọ́n kà á sí mi létí ní ọ́fíìsì. Ọkùnrin kan tó wọ táì ló kà á. Ó kà á dé ibi tó o ti ní mo máa ń hanrun, tẹ́nu mi máa ń là sílẹ̀. Ó dánu dúró, ó wò mí. Ṣó o mọ̀ pé mi ò mọ̀ pé mo máa ń hanrun? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo lò nílé Dewey ọkọ mi. Kò sọ ọ́ fún mi rí títí ó fi kú."

"Mo fẹ́ kí wọ́n rí yín ni, mà."

"Wọ́n ti rí mi."

Ó mú ápù mìíràn, ó ń yí i lọ́wọ́, kò bó o.

"Máa lọ, ọmọ mi. Mi ò tíì bínú débi tí mi ò ní pè ọ́ lọ́mọ mi mọ́. Àmọ́ má tíì wá síbí. Tínú mi bá rọ̀, màá rán Twila sí ọ."

Yìnyín bọ́, yìnyín yọ́. Ní ọjọ́ Sátidé tí Twila bá lọ kí Velma, Raelynn á wálé wá dúró dè é, á sì máa wojú rẹ̀ bó bá ṣe ń wọlé, bóyá Velma ti rán an. Twila á bọ́ kóòtù, á fi kọ́, á ní oúnjẹ wà nínú ìkòkò.