Gòjé Ará Ṣáínà Níbi Ìkórè Wa

Aládùúgbò mi ní Ìjàpọ̀, ará Ṣáínà, ló bá mi lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Óǹdó, tòun ti gòjé olókùn méjì rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ló ti ṣàlàyé fún mi pé láyé àtijọ́, ẹ̀yìn olórin ni gòjé náà máa ń wà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin tí òun nìkan ń dá kọ. Ọ̀kan nínú irú orin bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ fi gòjé kọ fún wa.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ orin náà níwájú ìjọ, kò tíì lọ jìnnà tí ìyá mi fi dìde, wọ́n dá orin ọpẹ́ lé e lórí. Ni gbogbo ìjọ bá gbè é, àtẹ́wọ́ ń ró lákọlákọ. Mo ń ṣẹ́jú sí màmá títí, wọn ò tiẹ̀ wò mí. Àlejò wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ohùn gòjé padà, ó ń tẹ̀ lé wọn. Ńṣe ló dà bíi kí ilẹ̀ lanu, kó gbé mi mì.

Ìyá mi jókòó, wọ́n sọ sí mi létí: "Ọpẹ́lọpẹ́ wa o! Kò sẹ́ni tó ń bá a gbè é; ojú ì bá ti ọmọ ọlọ́mọ."