Láàlì Tó Wà Lọ́wọ́ Òsì Ràbíátù

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, nítòsí Ìkẹjà, ni Ràbíátù ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú. Ìka mẹ́ta lọ lójú ẹsẹ̀. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kejì kí ìyókù ọwọ́ náà tó lè wúlò. Ilé iṣẹ́ sanwó ọsibítù ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, ẹlòmíràn sì ti wà nídìí ẹ̀rọ náà kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Dópẹ̀mú, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyá Afeez la máa ń pè é. Èkìtì ni èmi ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mò ń lọ. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó bàjẹ́, ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé, ibẹ̀ náà ló mọ láàárín wa.

Antí Moyọ̀sọ́lá ló kọ́kọ́ sọ pé ká ṣe nǹkan kan. Olùkọ́ ni wọ́n, àwọn náà ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. “Ẹ má wò ó pé Mùsùlùmí ni,” ni wọ́n wí fún wa. “Èèyàn bíi tiwa ni.” Omijé wà lójú wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo ṣì gbà wọ́n gbọ́ títí dòní.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n tó pè é síwájú, wọ́n fà á sí kọ̀rọ̀.

“Ìyá Afeez, jẹ́ ká tú báńdéèjì yìí.”

“Nọ́ọ̀sì ní kí n má tú u, mà.”

“Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Báwọn èèyàn ò bá fojú rí i, wọn ò ní dáwọ́.”

Wọ́n tú u fúnra wọn. Ràbíátù dúró níwájú gbogbo wa pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, ó na ọwọ́ náà sókè bí ọmọ tó mọ ìdáhùn ní kíláàsì. Obìnrin kan bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá: owó, ìrẹsì, aṣọ. Nígbà tá a délé, ó ní, “Ìyá Ṣínà, ẹ rí obìnrin tó ń sunkún yẹn? Kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ló ń wò.” Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Antí Moyọ̀sọ́lá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù nítorí iṣẹ́ abẹ kejì. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni fọ́tò ọwọ́ náà ń jáde níbẹ̀, owó sì ń wọlé. Ó ti ń tó.

Ìgbà yẹn ni Hameedah, àbúrò Ràbíátù, ṣe yìgì ní Abúlé Ẹ̀gbá. Obìnrin tó lé láàlì fún ìyàwó lé e fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà lọ́fẹ̀ẹ́, láti ìka títí dé ìgúnpá ọwọ́ òsì. Bí Ràbíátù ṣe ń wọlé bọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù méjì.

“Ìyá Ṣínà, ẹ bá mi yà á kó tó parẹ́.”

Mo yà á. Fóònù mi ni mo fi yà á, mo sì fi fọ́tò náà sórí ẹgbẹ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé torí pé inú mi dùn sí i ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ti tán nílé mi lọ́sẹ̀ yẹn, ìdajì àpò ṣì wà ní yàrá tirẹ̀.

Èsì dé kíákíá. Ṣé ẹni tá à ń tọrọ owó fún nìyí? Ó mà rówó láàlì. Mọ́ṣáláṣí wọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀, mi ò sọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Antí Moyọ̀sọ́lá wá. Wọn ò jókòó.

“O dójú tì mí.”

“Kí ni mo ṣe, mà?”

“Wọ́n rí ọ níbi tó o ti ń gbádùn. Fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn. Sọ pé o kò ronú, kó o bẹ̀ wọ́n.”

Ràbíátù dá wọn lóhùn. “Mo lè tún fi ọwọ́ hàn wọ́n, mà. Ẹ̀rín tí mo rín, mi ò lè bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀.”

“Ó dáa,” ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ. Wọ́n kó owó tó wà nílẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì kan tó ní àrùn ọkàn. Ọmọ náà rẹwà nínú fọ́tò.

Ọwọ́ ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n gé e ní ìgúnpá. Ọkọ Hameedah ta ọ̀kadà rẹ̀ láti fi san án.

Nígbà tí ìròyìn dé orí ẹgbẹ́, wọ́n tún sunkún. Antí Moyọ̀sọ́lá gbé àpò oúnjẹ wá fúnra wọn. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kí Ràbíátù kọ̀ ọ́. Kò kọ̀ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, mà. Ọlọ́run á san án fún yín.” Wọ́n gbé fóònù sókè láti yà á, ó sì sorí kọ́ kí wọ́n tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kó tó di ìparí oṣù, ó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Mo bá a gbé ẹrù dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ṣáájú mi.

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Ìyá Ṣínà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ya fọ́tò yẹn.”

Kò bínú, ó kàn ń wo okùn tó wà lórí ẹrù náà.

“Ẹ bá mi so ó,” ló wí. “Ọwọ́ kan ò lè so ó.”

Mo so ó. Ó wọlé, kẹ̀kẹ́ sì gbé e lọ.