Ẹni Tó Wà Nínú Àgbá Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Zuleide ti ń gbóòórùn ẹnu ọkọ rẹ̀. Bí Adroaldo bá ti ibi iṣẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́, obìnrin náà á dìde nídìí ẹ̀rọ tó fi ń rán awọ bàtà, á fi ẹnu kò ó lẹ́nu, á sì rọra fa èémí sínú kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn ní ìlú Novo Hamburgo a máa sọ pé ìfẹ́ àwọn tọkọtaya yìí kì í gbó. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọtí ni imú Zuleide ń wá.

Adroaldo ti mutí rí, kì í sì í ṣe mímu ọjọ́ ọdún. Ó ta kẹ̀kẹ́ tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ó fi owó rẹ̀ mutí, ó mu ẹ̀rọ ìránbàtà tí Zuleide kọ́kọ́ ní, ó kù díẹ̀ kó mu òrùka ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ló jáde lọ síwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, ó sunkún. Láti ọjọ́ náà kò fẹnu kan ọtí mọ́. Lọ́dọọdún tí oṣù náà bá yí po, Zuleide á dìde nínú ìjọ, á jẹ́rìí: "Olúwa fa òùngbẹ náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, lọ́jọ́ kan ṣoṣo." Gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rí yẹn ló wá di tàkúté fún un. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Quézia, dàgbà sábẹ́ ẹ̀rí náà, ó sì gbà á gbọ́ bó ṣe gba Bíbélì gbọ́. Nígbà tí ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún, ó gba yàrá fún wọn fún ọjọ́ mẹ́ta ní ilé àlejò kan lórí òkè ọlọ́gbà àjàrà, lókè ìlú Bento Gonçalves, nínú oṣù Kejì, tí wọ́n ń kórè. Zuleide ka ìwé tí ilé àlejò náà fi ránṣẹ́, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí lo fẹ́ rán bàbá rẹ lọ?"

"Màmá, ilé àlejò ni. Afẹ́fẹ́ òkè ni, oúnjẹ gidi ni. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé òùngbẹ yẹn ti kú? Àbí ó ti jíǹde ni?"

Kí ni kó wí? Tó bá ní àwọn ò lọ, ó ti pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́ níwájú Ọlọ́run àti gbogbo ìjọ. Ó di ẹrù.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dé. Ojú ọ̀nà pàápàá ń rùn. Katakata tó ko àjàrà ń kọjá, oje ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nona Gentila, ìyá arúgbó tó ni ilé náà, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọtí pupa nínú ṣágo àti ife méjì.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹni tí ò bá mu ife àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì wọlé yìí."

"Nona, ẹ má bínú," Adroaldo dáhùn. "Ọmọ ìjọ ni wá, a kì í mutí."

"Èmi náà ń lọ sí ìjọ. Àlùfáà wa gan-an, ife méjì ló ń mu kó tó jókòó. Ẹ̀yin tiyín yìí, ojú yín le bí ìdí ìkòkò."

Síbẹ̀ ó lọ gbé oje àjàrà tí kò tíì kan wá. Kí Adroaldo tó gbé tirẹ̀ dénu, Zuleide ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí imú, kó tó dá a padà.

"Ọmọ mi," ni Nona wí, "ṣé májèlé ni mo bù fún un ni?"

Adroaldo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Láti ìgbà náà Zuleide kò lè jókòó. Ibùsùn rọ̀, fèrèsé kọjú sí òkè, polenta tí Nona fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò dùn, ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ bá lọ tọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Bó bá na ọwọ́ sí búrẹ́dì, ojú rẹ̀ á tẹ̀ lé ọwọ́ náà.

"Ìyá Quézia, jókòó," ni Adroaldo wí. "Ìsinmi la bá wá."

"Mo ń sinmi."

"Ò ń sinmi bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí."

Láàárọ̀ Sátidé Zuleide bá Nona fọ abọ́ díẹ̀, nítorí ọwọ́ tó dilẹ̀ ń dẹ́rù bà á. Nígbà tó padà sábẹ́ igi tí wọ́n jókòó sí, igbá chimarrão, tíì ewé tí Adroaldo ń fà mu, wà lórí àga, ó ṣì ń gbóná. Adroaldo kò sí níbẹ̀. Ó wo yàrá, kò sí.

"Ó ti bá Ivanir ọmọ mi lọ sí ilé àgbá ọtí," Nona ké láti ilé ìdáná. "Òṣìṣẹ́ kan ni ò wá."

Zuleide sáré sọ̀ kalẹ̀. Àdúrà tó ń gbà lọ́nà kò ju "Olúwa, Olúwa" lọ.

Ilé àgbá tutù, ilẹ̀ rẹ̀ pupa. Ivanir, ọkùnrin oníkùn gbẹ̀ǹdu kan, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá onísìmẹ́ńtì tó ga kan òrùlé, ó di okùn tó wọnú ihò kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ohùn Adroaldo ń ti inú ihò náà jáde. Orin ìjọ ló ń kọ, ohùn rẹ̀ kò sì bá orin mu.

"Ẹ fà á jáde," ni Zuleide wí.

"Èèrí àjàrà ló ń kó jáde, ìyá. Èmi kọ́ ni mo rán an o. Òun ló ní jíjókòó ti sú òun, ikùn tèmi ò sì gba ojú ihò yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa kọrin. Ooru ọtí tó wà nínú ibẹ̀ lè gba èémí èèyàn láìkìlọ̀. Ẹni tó wà nínú àgbá kò gbọdọ̀ dákẹ́. Tó bá dákẹ́, fífà ni."

Katakata fọn fèrè níta. Ivanir fi okùn lé Zuleide lọ́wọ́. "Mi ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Tẹ́ ò bá gbóhùn rẹ̀, ẹ pariwo."

Orin tán. Ìró ṣọ́bìrì nìkan ló kù.

"Ivanir, orin tán lápò mi o."

"Èmi ni," Zuleide dáhùn.

Inú àgbá pa lọ́lọ́.

"Má dákẹ́."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohun tó bá wá sí ọ lẹ́nu."

"Ó dáa. Ọtí dé kókósẹ̀ mi níbí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mo lè fọwọ́ bù ú." Ṣọ́bìrì ha ilẹ̀. "Mo mọ̀ pé o máa ń gbóòórùn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo máa ń mí jáde dáadáa kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Zuleide fi okùn náà wé ọwọ́.

"Òùngbẹ yẹn ò tu, Zuleide. Sátidé ló burú jù. Bí o bá dìde jẹ́rìí, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo rò pé tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní Ọlọ́run ò ṣe nǹkan kan."

"Kí ni Ọlọ́run wá ṣe?"

Ìbéèrè náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀, kì í sì í ṣe ọkọ rẹ̀ nìkan ló bi. Ṣọ́bìrì dúró. Ó pe Adroaldo, kò dáhùn. Ó tún pè é. Ọtí ló bẹ̀rẹ̀ bù ni, àbí èémí ló tán? Kò mọ èyí tí òun ń bẹ̀rù jù, ìyẹn sì dójú tì í. Ó fa okùn.

"Mo wà níbí. Mò ń ronú ni."

"Má ronú láìsọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn."

"Mi ò mọ ohun tó ṣe. Mo kàn mọ̀ pé mi ò tíì mu lónìí."

Nígbà tí Ivanir padà dé, ẹsẹ̀ ni Adroaldo kọ́kọ́ yọ. Ó pupa títí dé itan, irun rẹ̀ rin, èèrí lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó wá dúró níwájú ìyàwó rẹ̀ bó ti ń dúró lálaalẹ́, ó la ẹnu díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí ti gba aṣọ rẹ̀, awọ ara rẹ̀ àti ilé náà lódindi. Ì báà mu ife mẹ́wàá, ì báà má mu rárá, kò sí imú tó lè mọ̀ ọ́n.

"Imú mi ò wúlò níbí," ni Zuleide wí. "Ìbéèrè ló kù. Ṣé o mu?"

Ní ọdún mọ́kàndínlógún, kò bi í rí.

"Mi ò mu."

"Ó dáa. Lọ wẹ̀."

Kò dáa tán. Zuleide ti ń kọrin ìgbàgbọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí a bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí kéré, ó sì wúwo: kó gba ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan gbọ́ láìrí, láìgbóòórùn.

Lọ́sàn-án Nona gbé ọbẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ tètè gbàdúrà kó má tutù."

Zuleide di ojú. "Olúwa, a dúpẹ́ pé o fa òùngbẹ ọkọ mi..." Ó dúró. "Olúwa, òùngbẹ ọkọ mi ṣì wà. Ràn án lọ́wọ́ lónìí. Ọ̀la, a ó tún wá bẹ̀ ọ́."

"Àmín," ni Adroaldo wí, ohùn rẹ̀ le.

"Àdúrà tó mọ níwọ̀n lèyí," ni Ivanir wí, ó ti mú búrẹ́dì. "Ṣé ìjọ yín ṣì ń gba èèyàn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Zuleide náà rẹ́rìn-ín, ó sì jẹun. Ṣùgbọ́n oṣù tó máa ń jẹ́rìí ti ń bọ̀, kò sì tíì mọ̀ bóyá àdúrà tó gbà yìí jẹ́ ìgbàgbọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí èyí tó ń tán lọ.