Ẹja Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Gáréèjì

Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi tú ọ̀rá dúdú kan sílẹ̀ níwájú mi, ara mi a tún bù máṣọ. Eku ló sì fa gbogbo rẹ̀.

Ilé tí a háyà ní Ìgàndó ní gáréèjì, a sì ń fi yangàn díẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ayálégbé ló ní irú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ń gbé mọ́tò sí. Ìyá rẹ̀, tó ti Èkìtì wá bá wa gbé láti ìgbà tí mo bí àbíkẹ́yìn wa, kó àpò èlùbọ́ àti gààrí wọn sí igun kan níbẹ̀, wọ́n sì gbé àga oníke wọn tì í. Bí mọ́tò bá ti jáde láàárọ̀, Màmá á jókòó síbẹ̀, á máa ṣa ẹ̀wà, á máa gba atẹ́gùn, á sì máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sí ojú títì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mọ́tò kọ̀, kò ṣíná. Mẹkáníìkì tí ọkọ mi pè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì fa ìtẹ́ kan jáde: èpo ẹ̀pà, òwú tìmùtìmù, àkísà, àti ọmọ eku pupa wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí ojú wọn kò tíì là. Wáyà mọ́tò ńkọ́, wọ́n ti gé e jẹ yánnayànna. Ọkọ mi kàn ń wo inú ẹ́ńjìnnì náà ni.

Bí a ṣe gbógun dìde nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa lanu gan-an ni. A po sìmẹ́ǹtì mọ́ àfọ́kù ìgò, a fi dí gbogbo ihò. A kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ojú fèrèsé, a fi pákó dí abẹ́ géètì. A tẹ́ gọ́ọ̀mù eku sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bàtà mi ló mú. Mo wá sọ fún Màmá pé bóyá kí a kó àpò èlùbọ́ wọn wọlé, kí ohun tí eku ń tẹ̀ lé wá má bàa sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹrù ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ máa ń mú kí ilé há mọ́ ìyàwó." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tún mẹ́nu ba àpò náà mọ́.

Òfin kan wà tí Màmá fi lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ eku nínú ilé, àgàgà tí a bá fẹ́ ra oògùn wọn. "Ògiri létí," ni wọ́n máa ń wí. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ń gbèrò láti pa àwọn, aṣọ yín ni wọn yóò fi gbẹ̀san." "Àwọn ọ̀gá yẹn" ni Màmá ń pe eku. Ìyá tèmi náà ní Oǹdó kò jẹ́ kí a dárúkọ wọn. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ẹni tí eku kò bá tíì wọ inú àpótí rẹ̀ lọ gé àǹkárá tuntun jẹ ni kó wá bá mi jiyàn.

Nítorí náà, nígbà tí mo débi tí ọkùnrin kan ti ń ta oògùn eku ní Ìkòtún, tí ó to òkú eku gbígbẹ síwájú ọjà rẹ̀ bí ẹni tó pàtẹ ẹja, ìka ni mo fi júwe ohun tí mo fẹ́. Mo ra ẹja sísun kan kún un. Nígbà tí mo délé, Màmá ti lọ síbi ẹ̀kọ́ Bíbélì. Mo po oògùn náà mọ́ ẹja, mo rí àwo kékeré kan tó ti gbó lẹ́yìn àwọn àpò, mo kó o sínú rẹ̀, mo gbé e sí igun náà. N kò sọ fún ọkọ mi. N kò sọ fún Màmá. Mo gbà pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe é yẹn.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa ní ọjọ́ kejì tí mo fi jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mi lọ́nà Ìpájà. Nígbà tí mo padà dé, kò sí ẹja níbẹ̀ mọ́. Inú mi dùn. Àwo náà kò sí níbẹ̀, mo sì rò pé ọkọ mi ló gbé e dànù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá kò jẹun. Wọ́n ní àwọn ń gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ààwẹ̀ náà ni. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ń gbálẹ̀ yàrá wọn, mo rí ọ̀rá búrẹ́dì àti èpo ẹ̀pà lábẹ́ ibùsùn. Ó yà mí lẹ́nu. Ààwẹ̀ wo ni èèyàn ń gbà tó tún ń jẹ búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀? Ẹ̀rù bà mí pé àìsàn kan ń ṣe wọ́n tí wọn kò fẹ́ kí a mọ̀. Obìnrin yìí ló wẹ ọmọ mi, tó fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi, tó ń dìde sí ẹkún ọmọ kí n lè sùn. N kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe wọ́n.

Nígbà tó di Sátidé, mo bá ẹrù wọn ní pálọ̀, wọ́n ti dì í.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mo ń lọ sílé."

"Kí ló dé, mà?"

Wọ́n wá nawọ́ sínú báàgì, wọ́n mú ọ̀rá dúdú kan jáde, wọ́n tú u. Ẹja mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwo kékeré náà, àti òkú aláǹgbá kan tó ti gbẹ.

"Èyí ló fẹnu kàn án," ni wọ́n wí. Ohùn wọn kò ròkè rárá. "Ẹ̀gbẹ́ àga mi ni mo ti bá wọn. Àwo tí mo fi ń jẹ ẹ̀pà lo gbé e sí. Ìyàwó mi, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣé nítorí àpò èlùbọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀.

"Eku ni, Màmá. Nítorí eku ni. Ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ ọ́ síta."

"Mo ní kí o má fẹnu dárúkọ ẹ̀. Ṣé mo ní kí o má fojú sọ fún mi ni?"

Ọkọ mi, tó ń fọ mọ́tò, ti gbọ́ ohùn mi, ó sì wọlé. Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ rí nǹkan báyìí látọjọ́ yìí, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé ìyàwó ẹ fẹ́ pa mí? Mo fẹ́ rọra lọ jẹ́ẹ́ ni, kí ilé ẹ má bàa tú."

Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù ju ti ẹja lọ. Wọ́n ti gbà pé apànìyàn ni mí, síbẹ̀ wọ́n ń bò mí láṣìírí. Mo sunkún, n kò lè pa á mọ́ra.

Màmá gbé mi dìde. Wọ́n ní ó ti tán, àwọn ti gbọ́, àwọn kò lọ mọ́. Wọ́n ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá, pé ebi ń pa àwọn. Mo sáré tẹ ẹ̀bà, mo bu ẹ̀fọ́ rírò sí i, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n wẹ ọwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ náà lé orí itan.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́."

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, a kò jọ jẹun nínú àwo kan náà rí. Mo bu òkèlè àkọ́kọ́, mo fi run ẹ̀fọ́. Ọ̀nà ọ̀fun mi ni wọ́n ń wò títí mo fi gbé e mì. Nígbà náà ni Màmá tó ki ọwọ́ bọ oúnjẹ.